Ẹ Bi Aláṣọ: Tó ò bá lè fi ṣẹ́ẹ̀tì dọ̀bálẹ̀, má rà á

Èkìtì Kete, ẹ kú àsìkò yìí o. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló gbòde nínú lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ lóṣù yìí, èmi náà ò mọ ohun tó fà á, bóyá owó tó wọ́n ni ò jẹ́ kéèyàn kàn na ọwọ́ ra nǹkan mọ́, bóyá ọ̀rọ̀ aṣọ ọkọ ló ti sú àwọn ìyàwó, torí àwọn ló kọ̀wé jù. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí mi ò bá dá lóhùn kó máà bínú, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Òkèṣà ò jẹ́ n ráyè.

*Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ, ẹ kúuṣẹ́ o. Àgùnbánirọ̀ ni mí, iléèwé kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé mi sí. Mo ra ṣẹ́ẹ̀tì funfun mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ ló ń dán, ó dùn-ún wò, ṣùgbọ́n kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀yìn mi á ti tutù, aṣọ á lẹ̀ mọ́ mi lára, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, ó sì tún máa ń rùn. Ṣé ara mi ni àbí aṣọ? — Olóògùn, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Àbúrò mi, ara rẹ ò ṣe nǹkan kan, aṣọ ni. Dídán tó ń dán yẹn ló tàn ẹ́. Pọlísítà nìyẹn, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń mú un jáde, ìbátan ike omi tí wọ́n ń gbé kiri lójú títì ni, o wá fi ike bora nínú oòrùn tó ń ta lára àpáta Olósùnta, kí lo rò pó máa ṣẹlẹ̀? Òwú máa ń mu òógùn, pọlísítà kì í mu ún, ńṣe ni òógùn á dúró sáàárín aṣọ àti ara, ọ̀rá ara náà á lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ló ń fa òórùn yẹn, o lè fọ̀ ọ́ lánàá kó tún bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Tó o bá tún fẹ́ rà, yí ọrùn ẹ̀ wò tàbí inú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wàá rí àkọlé kékeré tí wọ́n kọ cotton tàbí polyester sí, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó pọ̀ lọ́jà ni pọlísítà 65, òwú 35, òun làwọn ọlọ́jà ń pè ní TC. Kò burú náà, kì í tètè rún, àmọ́ ẹni tó ń làágùn bíi tìẹ, wá èyí tí òwú inú ẹ̀ tó 60 ó kéré tán, tó bá jẹ́ 100 ó tún dáa. Níbi tí àkọlé ò bá sí, tàbí tí àkọlé ń purọ́ (mo ti rí 100% cotton lára ohun tó jẹ́ ike láti òkè délẹ̀ rí), kán omi sí i. Ti òwú á mu ún, ti pọlísítà, omi á dúró lé e lórí bí ìrì lórí ewé kókò. Nílé, o lè fa òwú kan jáde lápá inú kó o ṣáná sí i, òwú gidi á jó bí ìwé, eérú ló máa kù, pọlísítà á yọ́, á ká kò, á wá le bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Má dán ìyẹn wò níwájú ọlọ́jà o.

Wàhálà òwú ni pé ó máa ń rún, mo sì mọ̀ pé iná ò fi bẹ́ẹ̀ dúró. Tó o bá fọ̀ ọ́ tán, má fún un jù, gbọ̀n ọ́n dáadáa, fi igi kọ́ ọ, fi ọwọ́ fa kọ́là àti iwájú ẹ̀ kó tò. Tó bá ku díẹ̀ kó gbẹ tán ni kó o lọ̀ ọ́, kò ní gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

*Aláṣọ wa, ẹ kú làálàá. Ọkọ mi níkùn díẹ̀ (òun ló ní díẹ̀). Tá a bá ra ṣẹ́ẹ̀tì tó bá a léjìká, bọ́tìnnì ikùn á máa yanu, ẹ ó máa rí sínglẹ́ẹ̀tì láàárín ẹ̀. Tá a bá ra èyí tó gba ikùn, èjìká á já sórí apá, á wá dà bí ẹni tó yá aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wọ̀. Nọ́ńbà ọrùn gan-an tún dàrú mọ́ mi lójú, òmíràn 16, òmíràn 41. Kí ni ká ṣe? — Ìyá Ìbejì, Adó-Èkìtì*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ìlú oníyán la wà, ikùn ọkọ yín ò ṣèèṣì. Kí n kọ́kọ́ mú ti nọ́ńbà kúrò ńlẹ̀: 16 yẹn, ínǹṣì ni, 41, sẹ̀ǹtímítà ni, ọrùn kan náà ni méjèèjì. 15 ni 38, 15½ ni 39, 16½ ni 42. Ẹ fi téèpù yí ọrùn wọn ká nísàlẹ̀ gògóńgò, ẹ má fún un, tí wọ́n bá sì de bọ́tìnnì òkè tán kí ìka méjì lè wọ àárín ọrùn àti kọ́là. Ti S, M, L ní tiẹ̀, ẹ má gbára lé e jù, L ilé iṣẹ́ kan lè má tó M ilé iṣẹ́ kejì.

Ó wá ku èjìká, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti so apá mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀tì, ojú ìránṣọ yẹn gbọ́dọ̀ jókòó sórí egungun tó parí èjìká, kó má wọ inú, kó má já wálẹ̀. Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn? Torí gbogbo ibi yòókù la lè bá yín tún ṣe, ẹ̀gbẹ́ tó fẹ̀, mo lè gbà á wọlé kẹ́ ẹ tó jẹ àkàrà tán, apá tó gùn, mo lè gé e, ṣùgbọ́n èjìká tó fẹ̀ jù, àfi kí n tú apá, kí n gé èjìká, kí n tún apá dá padà, owó tí màá gbà lè fẹ́ẹ̀ tó owó ṣẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, mi ò sì ní fi ọkàn gbà á. Èyí tó fún ló burú jù, torí aṣọ ilé iṣẹ́ kì í ní àyè nínú tá a lè tú sílẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ slim fit sí, ìyẹn èyí tí wọ́n gé kó fún mọ́ra, ẹ bá a yọ̀, kẹ́ ẹ máa kọjá lọ. Regular fit ni kẹ́ ẹ wá, tó ní ìṣẹ́po lẹ́yìn lábẹ́ ọrùn, ìṣẹ́po yẹn kì í ṣe ẹwà lásán, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn rí àyè nà.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo ra ṣẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ ọlọ́jà kan, èmi tí mò ń ránṣọ fáyé o, ó bá mi mu gẹ́lẹ́, mo dúró gbọn-in níwájú dígí, kò síbi tí ò dáa. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi ìdána kan ní Ìjerò, mo rí àwọn bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ ṣe fààà, ó ya láti ọrùn dé ìbàdí. Mi ò lè dìde, torí gbogbo àwọn ìyàwó ilé wà lẹ́yìn mi, mo bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, àwọn bàbá rò pé ọ̀wọ̀ mi ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lọ, mò ń ṣàmín.

Látìgbà yẹn, mi ò ra ṣẹ́ẹ̀tì lórí ìdúró mọ́. Kí ọkọ yín jókòó, kẹ́ ẹ wo bọ́tìnnì ikùn bóyá ó ń yanu. Kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, tí ẹ̀yìn bá le gbagidi, ó ti kéré. Kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè bí ẹni di ọmọ odó mú, tí gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì bá fà jáde nínú ṣòkòtò, ó kúrú ni tàbí kó jẹ́ pé abíyá ẹ̀ jìn wálẹ̀ jù. Àwọn ọlọ́jà á wò yín bákan, ẹ má dá wọn lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá wá a títí tí ò sí, ẹ rán an. Tí ojú aṣọ bá jẹ́ 45 ínǹṣì, yáàdì 2½ á tó fún alápá gígùn, tó bá jẹ́ 60 ínǹṣì, yáàdì 2 tó. Ẹ rẹ aṣọ náà sómi kó gbẹ kí télọ̀ tó gé e, torí òwú máa ń sún kì. Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì kan tí èjìká ẹ̀ bá a mu dání fún télọ̀, kẹ́ ẹ ní kó wọn èjìká látara ìyẹn, kó wá fi àyè kún ibi ikùn nìkan.

*Ẹ̀gbọ́n, mò ń ra òkìríkà lọ́jà, owó ẹ̀ ló bá àpò mi mu. Àmọ́ mo wọ ọ̀kan lọ sí kíláàsì, ọmọbìnrin kan ní ṣẹ́ẹ̀tì obìnrin ni mo wọ̀, gbogbo wọn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Báwo ló ṣe mọ̀? — Ọmọ yunifásítì, ojú ọ̀nà Ìwọ̀rọ̀kọ̀*

Bọ́tìnnì ló wò! Ti ọkùnrin, ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́ ni bọ́tìnnì máa ń wà, ihò á wà lápá òsì. Ti obìnrin ni òdìkejì. Kọ́kọ́ wo ìyẹn kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ìjọba fi aṣọ àlòkù sínú ohun tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má kó wọ Nàìjíríà, àmọ́ ọjà kún fún un, kí n má purọ́, ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán dáa jù tí mo fọwọ́ kàn rí. Ojú ìránṣọ wẹ́wẹ́, bọ́tìnnì tí wọ́n fi ìkarahun ṣe (gbé e kan eyín, ó máa ń tutù, ti ike kì í tutù). Àárọ̀ kùtù ni kó o lọ, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú bélì tuntun. Gbé ṣẹ́ẹ̀tì sókè síbi ìmọ́lẹ̀, wo ìgbọ̀nwọ́ bóyá ó ti ń ṣán, wo etí kọ́là níbi tó ti ṣẹ́, wo etí ọwọ́, kó o yí abíyá síta. Tí abíyá bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gbé e sílẹ̀, kò sí ọṣẹ tó máa mú un kúrò. Bọ́tìnnì kan tó já kì í ṣe nǹkan, wo ìsàlẹ̀ inú ẹ̀, wọ́n sábà máa ń so àpòjù kan mọ́bẹ̀, o sì lè fi bọ́tìnnì tó já yẹn já owó sílẹ̀ lọ́rùn ọlọ́jà. Tó o bá délé, omi gbígbóná àti ọṣẹ, kó o sá a sóòrùn kó tó kan ara rẹ.

*Ọmọ mi tó ń gbé ní Èkó sọ pé gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń pè ní button-down, kì í ṣe òun. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ju ọmọ náà lọ. Ta ló jàre? — Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìntì, Ìfàkì-Èkìtì*

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ sà. Bàbá, ẹ má bínú, ọmọ yín ló jàre. Gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì tó ní bọ́tìnnì níwájú làwa ń pè bẹ́ẹ̀ níbí, àmọ́ èyí tó ni orúkọ yẹn gan-an ni èyí tí wọ́n fi bọ́tìnnì kéékèèké méjì de ẹnu kọ́là mọ́ àyà. Àwọn tó ń gun ẹṣin gbá bọ́ọ̀lù pólò ní England ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí kọ́là má báa máa fẹ́ lù wọ́n lójú. John E. Brooks, ọmọọmọ ẹni tó dá ilé ìtajà Brooks Brothers sílẹ̀ ní New York, rí i níbẹ̀, ó gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ọdún 1896 ni ilé ìtajà náà ń dá fún un. Aṣọ eré ìdárayá ni wọ́n ti mú un wá, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wọ kóòtù àti táì lọ síbi tó le, kọ́là tí ò ní bọ́tìnnì ló yẹ. Fún ìpàdé ẹgbẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí nǹkan tó ṣe é, kọ́là ẹ̀ kì í dojú bolẹ̀ bọ̀rọ̀.

*Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ṣé ṣẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi kan ló sàn ni, àbí olówó pọ́ọ́kú mẹ́ta? — B.A., Adó-Èkìtì*

Ká ṣe ìṣirò. Ká ní o ra ti ₦6,000, ò ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó gbó lóṣù mẹ́fà, ìyẹn ìgbà 26, ìgbà kọ̀ọ̀kan ń jẹ ẹ́ ní nǹkan bíi ₦230. Ti ₦18,000 tó lo ọdún mẹ́ta, ìgbà 156, nǹkan bíi ₦115 péré ni. Èyí tó wọ́n yẹn ló wá dínwó jù, tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló máa lo ọdún mẹ́ta o, torí orúkọ ńlá tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àyà kì í dá aṣọ dúró. Fi àtàǹpàkò ra kọ́là ẹ̀, tó o bá rí ibi tó wú bí ìfófòó ọṣẹ, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ti tú, tó bá kan omi lẹ́ẹ̀mejì ó parí. Fa bọ́tìnnì díẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ onílà, wo bóyá ilà àpò bá ilà àyà mu, ẹni tó bá farabalẹ̀ ṣe ìyẹn, ó ti farabalẹ̀ ṣe èyí tó ò rí. Má sì ra ẹyọ kan ṣoṣo, ṣẹ́ẹ̀tì tó ò ń wọ̀ tó ò ń fọ̀ lójoojúmọ́ á gbó ni dandan, bó ti wù kó wọ́n tó. Ra ọ̀kan dáadáa lóṣù yìí, kó o ra ìkejì tówó bá tún wọlé.

*Abíyá ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọkọ mi ń pọ́n, mo da blíìṣì sí i, ó tún pọ́n sí i. — Ìyá Tómi, Ìdó-Èkìtì*

Ẹ má da blíìṣì sí i mọ́, òun ló ń jẹ́ kó pọ́n sí i. Òógùn àti róló-ọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi sábíyá ló pàdé nínú aṣọ. Kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ lára kí wọ́n tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n bá sì ti dé láti ibi iṣẹ́, kẹ́ ẹ rẹ ibi abíyá yẹn sínú omi ọṣẹ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ má tọ́jú ẹ̀ dọjọ́ Sátidé. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ ibi tó bá ti pọ́n, ńṣe ló máa jókòó síbẹ̀ pátápátá.