Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀: kí ni ìtumọ̀ ẹ̀, alángbá wo sì ni?

Áńtí mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa. Ẹ ní ìpàdé àwọn ayálégbé lẹ lọ ní Ìkòròdú níbẹ̀, lórí owó tí gbogbo ilé fẹ́ dá láti fi tún pọ́ńpù omi ṣe, ẹ wá sọ níwájú gbogbo èèyàn pé ìyá tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn lówó lọ́wọ́, pé ó kàn ń díbọ́n ni, torí ẹ rí i tó wọ léèsì lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ni màmá onílé bá wò yín, wọ́n ní "gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run", ni gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé ẹ̀yin ni wọ́n pè ní alángbá ni àbí ìyá yẹn, àti pé alángbá wo gan-an lòwe yẹn ń sọ, ṣé olórí pupa tó ń sá kiri orí fẹ́ǹsì nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni àbí ọmọńlé tó ń lẹ̀ mọ́ ògiri lálẹ́, torí àwọn ọmọ yín náà ti ń yọ yín lẹ́nu pé àwọn fẹ́ mọ̀.

Kò sẹ́ni tó bú yín o. Màmá ò pe ẹnikẹ́ni ní alángbá, ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n dá dúró. Ohun tí òwe yẹn ń sọ ni pé bí alángbá ṣe máa ń wà nìyẹn, ikùn nílẹ̀, èyí tó yó dakùn délẹ̀, èyí tébi ń pa dakùn délẹ̀, èyí tí inú ń run kó má lè sùn náà dakùn délẹ̀, torí náà téèyàn bá ń wo ìdùbúlẹ̀ wọn láti fi mọ èyí tó ń jẹ̀rora, kò lè mọ̀ ọ́n láé. Ẹ wá gbé e wá sórí ọ̀rọ̀ léèsì. Ẹni tó fowó ara ẹ̀ ra léèsì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìnáwó, ẹni tó ṣì ń san gbèsè ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù náà wọ̀ ọ́ lọ, ẹni tí wọ́n fi ta lọ́rẹ náà wọ̀ ọ́ lọ, orí àga kan náà ni gbogbo wọn jọ jókòó sí. Màmá ò sì sọ pé ìyá yẹn ò lówó o, ẹ kíyè sí i. Wọ́n kàn ní ohun tẹ́ ẹ fojú rí yẹn ò tó láti fi dá a lẹ́jọ́ ni.

Mo mọ̀ pé lóde òní ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ òwe yìí di "má fọkàn tán ẹnikẹ́ni". Tí nǹkan bá sọnù nínú kọ́ńpáǹdì wọ́n á ní háà, gbogbo alángbá ló danú délẹ̀ o, ìyẹn ni pé olè wà láàárín wa, a ò kàn mọ̀ ọ́n ni. Mi ò ní kí wọ́n má lò ó bẹ́ẹ̀, òwe gbà á. Ṣùgbọ́n inú rírun lòwe yẹn fẹnu ara ẹ̀ sọ, kò sọ inú burúkú, ẹni tínú ń run, ara ló ń ni ín. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tá inú ilé làwọn àgbà fẹ́ bá wa sọ, wọ́n ní tiẹ̀ lọ́tọ̀: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Èyí tí màmá pa fún yín, òwe àánú ni, ó sì ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tó jẹ́ ìfura nìkan ni wọ́n ń fi ṣe.

Ó wá ku alángbá wo. Olórí pupa ni, alángbá gidi, èyí táwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Agama. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jáde síta ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan orí fẹ́ǹsì tí òtútù òru ò tíì lọ tán. Ẹ máa rí akọ ńlá kan tó na gbalaja sórí búlọ́ọ̀kù, ikùn ẹ̀ lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì pátápátá, ẹsẹ̀ ẹ̀ là sí ẹ̀gbẹ́, gbogbo ara ẹ̀ á ṣì ṣú dùdù bí ẹni pé kò lókun nínú. Kò sí nǹkan tó ṣe é o. Ara alángbá ò lè dá ooru tiẹ̀ ṣe bíi tiwa, oòrùn àti sìmẹ́ńtì tó ti ń gbóná ló ń yá, òun ló fi dakùn délẹ̀. Ẹ dúró díẹ̀ sí i, bí ara ẹ̀ ṣe ń móoru lorí ẹ̀ á máa pọ́n, á pupa fòò, ara ẹ̀ á di àwọ̀ aró tó ń dán, ìrù ẹ̀ á pupa láàárín, á dúdú lẹ́nu, ìgbà yẹn ló máa dìde tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sókè sódò. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, tí sìmẹ́ńtì yẹn ti gbóná débi téèyàn ò lè fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, alángbá kan náà yẹn ti gbé ikùn kúrò nílẹ̀, ó fẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró gbagidi, tàbí kó ti bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó pa òwe yẹn, àárọ̀ ló jókòó wò wọ́n.

Àwọ̀ ẹ̀ pàápàá ò ní sọ fún yín. Akọ tí àwọ̀ ẹ̀ ṣú, ó lè jẹ́ òtútù, ó lè jẹ́ pé akọ tó jù ú lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ nà án, ìrù ni wọ́n sì fi ń na ara wọn, kì í ṣe ẹnu nìkan, ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ àìsàn. Àwọn dókítà ẹranko náà mọ̀ ọ́n pé irú àwọn ẹran báyìí máa ń fi àìsàn pamọ́ títí á fi wọ̀ wọ́n lára. Àwọn tó wà yí i ká tí àwọ̀ wọn jọ ilẹ̀, tí wọ́n ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tórí wọn ní tótòtó díẹ̀, abo ni wọ́n, ìyàwó ẹ̀ làwọn ọmọdé máa ń pè wọ́n, wọn ò sì jẹ̀bi torí akọ kan lè láwọn abo bíi mélòó kan nínú àgbègbè ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akọ tí ò tíì dàgbà náà jọ abo, ẹ máa rántí ìyẹn.

Ẹyin wọn tún wá jẹ́ ìyanu lọ́tọ̀. Abo á gbẹ́ ihò kékeré síbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tó ní ọ̀rinrin díẹ̀, á yé bíi márùn-ún sí méje síbẹ̀, á bò ó, á sì lọ. Ní 1966, obìnrin kan tó ń jẹ́ Madeleine Charnier, tó ń ṣiṣẹ́ ní Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, kíyè sí i pé ooru ibi tí ẹyin alángbá yìí wà ló ń pinnu bóyá akọ ni àbí abo ló máa pa, òun ló sì kọ́kọ́ rí irú nǹkan báyẹn lára ẹran afàyàfà. Ẹ ò rí nǹkan! Abo alángbá tó dakùn délẹ̀ níwájú ilé yín yẹn, ohun tó wà níkùn ẹ̀ ò tíì di akọ, kò tíì di abo.

Ọmọńlé ní tiẹ̀ ò bá òwe yìí mu rárá. Àkọ́kọ́ ná, òru ni tiẹ̀, kì í yá oòrùn lórí fẹ́ǹsì. Ìkejì, tó bá wà lórí síílìn ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ sílẹ̀, ikùn ẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ òkè, báwo la ṣe fẹ́ ní ó danú délẹ̀? Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé ikùn ọmọńlé ò fi nǹkan pamọ́. Lálẹ́, ẹ dúró sínú ilé nígbà tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì wíńdò níta, tó wá jẹ àwọn kòkòrò tó ń tẹ̀lé iná, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Awọ ikùn ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé tó bá jẹ́ abo tó lóyún, ẹ máa rí ẹyin méjì funfun roboto nínú ẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún ọ̀kan lápá òsì. Ẹ máa rí ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ náà tó fẹ̀ lẹ́nu tó ní ìlà wínníwínní nísàlẹ̀, òun ló fi ń di ògiri mú. Kò ní ìpéǹpéjú, ahọ́n ló fi ń nu ojú. Tó bá jẹ́ ọmọńlé làwọn àgbà fẹ́ fi pòwe, wọn ò ní sọ pé a ò mọ èyí tínú ń run.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má pa á. Kò ní oró, kì í bu èèyàn jẹ kéèyàn kú, ẹ̀fọn àti kòkòrò ló ń bá wa jẹ. Ìgbẹ́ ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, ẹ mọ̀ ọ́n, dúdú kékeré tó ní funfun lẹ́nu, torí kòkòrò àìsàn tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru lè wà nínú ẹ̀, torí náà ẹ máa dé oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì nu orí tábìlì dáadáa.

Èyí tí ẹ ní ó ń dán, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú tó ń yọ̀ wọ abẹ́ ewé gbígbẹ, ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kò ṣe nǹkan kan. Ńlá tí ìyá yín ní ó ń wá láti ọ̀nà ọ̀sà wá kó ẹyin adìyẹ, àlégbà nìyẹn, òun lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún lọ, ẹ má jẹ́ kọ́mọdé sún mọ́ ọn torí ìrù ẹ̀ àti èékánná ẹ̀ le.

Òwe alángbá méjì míì tí ẹ bi mí lẹ́yìn. "Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́", ọ̀rọ̀ àárín ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ni wọ́n fi ń pa á, tí àwa fúnra wa ò bá pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, ará ìta ò ráyè wọlé. Èyí tó já láti orí ìrókò tó ní bí ẹnikẹ́ni ò yin òun, òun á yin ara òun, akọ olórí pupa yẹn náà ni, torí mímì orí tẹ́ ẹ rí yẹn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn abo àti àwọn akọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń mi orí sí, ó ń sọ pé èmi ni mo ni ibí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo òwe náà fúnra yín níwájú àwọn tó jù yín lọ, ẹ rántí kẹ́ ẹ ní "tótó ó ṣe bí òwe o" lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á dá yín lóhùn pé "wàá pa òmíì". Sí màmá onílé, mi ò rò pé ó gba àlàyé púpọ̀. Ẹ lọ kí wọn láàárọ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní "màmá, mo gbọ́ òwe yín lọ́jọ́ sí, ẹ ṣeun". Ní ti ìyá yàrá ẹ̀yìn, ẹ kanlẹ̀kùn ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò sí èrò níbẹ̀, kẹ́ ẹ rọra bi í bóyá yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó san owó pọ́ńpù yẹn lẹ́ẹ̀mejì.