Ṣé Home Office Ló Ń Yan Adájọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí adájọ́ ti da ẹjọ́ páálí mi, ìwé ìgbélùú, nù ní London. Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ páálí, ló ń yan àwọn adájọ́ yẹn, pé òun mọ ẹni tó lè bá wọn sọ ọ́ níbẹ̀. £1,500 ló ní kí n mú wá. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má san kọ́bọ̀. Ìkẹrin irú ìbéèrè yìí rèé lọ́dún yìí, inú sì ń bí mi gidigidi sí àwọn gbájúẹ̀ tó ń fi ìpayà ọmọlọ́mọ jẹun. Bí owó yẹn bá tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ adájọ́, ìwọ gan-an lo dáràn. Òfin tó de ẹ̀gúnjẹ, ti ọdún 2010, lè rán ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á lẹ́wọ̀n ọdún 10.

Ẹlẹ́jọ́ ni Home Office, bíi tìrẹ. Rántí bí ẹ ṣe jókòó: ìwọ àti lọ́yà rẹ nídìí tábìlì kan, ẹni tí Home Office rán wá nídìí èkejì pẹ̀lú fáìlì rẹ̀, adájọ́ níwájú yín. Àmì kìnnìún àti ẹṣin oníwo tó máa ń wà lára ògiri kóòtù ló ń ṣi ọ̀pọ̀ yín lọ́nà. Àmì Ọba ni, kì í ṣe ti mínísítà kankan.

Láti 2006, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 15 tó ń jẹ́ Judicial Appointments Commission ló ń ṣa adájọ́. Alága wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ti ṣe lọ́yà tàbí adájọ́ rí. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó nírú kóòtù tìrẹ á ti tóótun nínú iṣẹ́ òfin fún ọdún 5 ó kéré tán, á kọ̀wé, wọ́n á dán an wò, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Òfin ọdún 2005 tó dá ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ ló tún kà á léèwọ̀ fún mínísítà láti gba ẹ̀bùrú yọ sí adájọ́ lórí ẹjọ́ kankan.

Ti àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga tún le jù bẹ́ẹ̀. Láti 1701, àfi kí ilé aṣòfin méjèèjì pa ohùn pọ̀ kí wọ́n tó lè yọ wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n tíì yọ bẹ́ẹ̀, Jonah Barrington, adájọ́ ní Ireland, lọ́dún 1830. Owó kóòtù ló kó jẹ.

Tó o bá ṣì ń ṣiyèméjì, wo November 2023. Ìjọba fẹ́ máa kó àwọn tó wá forí pamọ́ lọ sí Rwanda. Adájọ́ márààrún tó gbọ́ ọ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ló sọ pé kò bófin mu. Home Office ló pàdánù lọ́jọ́ yẹn.

Tìrẹ ńkọ́? Ó lè jẹ́ ẹ̀rí rẹ ni kò tó. Ó sì lè jẹ́ adájọ́ ló ṣi òfin lò, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn ni kòtẹ́milọ́rùn ṣe wà. Tó o bá wà nílùú yìí, ọjọ́ 14 lo ní, láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìdájọ́ ránṣẹ́, láti tọrọ àyè lọ sí Upper Tribunal, kóòtù tó ga ju èyí tó dá ẹjọ́ rẹ lọ. Àṣìṣe òfin ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Pé ọ̀rọ̀ dùn ọ́ nìkan kò tó. N kò tíì rí ìwé ẹjọ́ rẹ, n kò lè ṣèlérí pé wàá borí.

Gbé gbogbo ojú ìwé ìdájọ́ náà lọ bá lọ́yà lọ́la. Bí arákùnrin yẹn bá tún pè, ní kó fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn ọ́. Ẹni tí kò gbàṣẹ tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí páálí ti ń rú òfin.