Ibi tí iyọ̀ ń sá pamọ́ sí lára ọ̀pá ìpẹja

Ẹ ní ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín ṣe ọ̀pá ìpẹja òkun, pé ẹ ti ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó yín sórí ọ̀pá carbon, ẹ wá ń béèrè bóyá ẹ lè fi òrùka olówó pọ́ọ́kú (àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá) àti ìjókòó rílì èyíkéyìí (ibi tí rílì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, ń jókòó sí) parí iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tí èmi náà kọ́kọ́ ṣe nìyẹn, òkun Galveston, ní Texas ní Amẹ́ríkà, ló sì là mí lójú.

Houston ni mò ń gbé. Tó bá ti di oṣù kẹwàá, àwọn ẹja red drum ńláńlá a máa sún mọ́ etíkun, èmi náà a sì dúró sínú omi dé orúnkún. Ọ̀pá àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 11, ó ń dán bí ìgò. Ní ọdún kejì, ẹja kan gbé ìjẹ mi, ó ń wọ́ okùn lọ gbuurugbu, ló bá já. Mo rò pé ìkarahun ló gé e. Ìgbà tí mo délé, mo fi òwú rírọ̀ nu inú àwọn òrùka lọ́kọ̀ọ̀kan, òwú sì há sí ẹ̀kẹta: seramíìkì inú rẹ̀ ti sán. Mo tú fọ́nrán tí mo fi dì í. Ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ òrùka náà lábẹ́ ibẹ̀, níbi tí ojú mi ò tó. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún ìpẹtà yẹn. Mo ti fi fáìlì rin ẹnu ẹsẹ̀ òrùka kó lè tẹ́ẹ́rẹ́, kí fọ́nrán lè gùn ún dáadáa. Ó yẹ kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irin olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kàn fi nǹkan dídán bò lójú ni. Bí fáìlì ṣe ṣí i, iyọ̀ wọlé.

Carbon kì í dípẹtà, fáíbágíláàsì kì í dípẹtà. Ibi tí omi iyọ̀ bá ti lè wọ̀ tí kò ní rọ́nà jáde ni kí ẹ náwó sí. Ẹ ra òrùka titanium bí agbára bá ká a: kì í dípẹtà, ó sì fúyẹ́, orí ọ̀pá á sì tètè nà padà lẹ́yìn tí ẹ bá ju òjé. Bí kò bá ká a, ẹ ra irin stainless oríṣi 316, kì í ṣe oríṣi 304, iyọ̀ máa ń lu 304 nihò. Okùn oníhíhun lẹ ń lò? Ẹ rí i pé seramíìkì inú òrùka le dáadáa, SiC (silicon carbide) ló wù mí jù. Nígbà tí ẹ bá sì ń fi epoxy, gúlù olómi tó máa ń le gan-an, bo fọ́nrán tí ẹ fi di òrùka, ẹ jẹ́ kó wọ àlàfo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ òrùka méjèèjì. Inú ihò yẹn ni omi ń sùn.

Ìjókòó rílì ńkọ́? Téèpù pépà tí àwọn akunlé ń lò ni mo fi dí àlàfo abẹ́ tèmi. Omi rin ín, ó rọ̀, rílì sì yí mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí ẹja ń fà. Fóòmù líle ni mo ń lò báyìí, pẹ̀lú epoxy tó kún gbogbo ibẹ̀.

Ibi ìdìmú kò ní wàhálà: EVA, fóòmù rírọ̀ yẹn, tó.

Bí ẹ bá ń pẹja lórí àwọn òkúta ńlá tó wọ inú òkun, ẹ ronú lórí carbon yẹn o. Bí òkúta bá họ ọ́, ojú ibẹ̀ ló máa ń kán nígbà tó bá tẹ̀. Fáíbágíláàsì wúwo, ṣùgbọ́n ó lè fara da ìyà.

Òrùka orí ọ̀pá nìkan ni kí ẹ má fi epoxy lẹ̀. Gúlù tí iná ń yọ́ ni kí ẹ lò, nítorí òrùka yẹn ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́, ẹ ó sì lè fi iná díẹ̀ yọ ọ́ ní etíkun níbẹ̀, kí ẹ fi òmíràn sí i.