Ẹyẹ tí ò wọlé adìyẹ mi rí, báwo ló ṣe máa kó bird flu bá wọn?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Adágún omi kan wà lẹ́yìn ilé mi táwọn pẹ́pẹ́yẹ igbó tó ń ti òkèèrè bọ̀ máa ń bà sí lọ́dọọdún. Mo ń sin adìyẹ, mo sì ní pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà tó ń rìn kiri. Wọ́n ní àwọn ẹyẹ yẹn ló ń gbé bird flu, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ò wọ ilé adìyẹ mi rí. Báwo ni wọ́n ṣe máa wá kó o ràn wọ́n? Ṣé kí n máa yìnbọn lé wọn ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìbọn sílẹ̀ ná. Tẹ́ ẹ bá yìn ín, bóyá lẹ máa pa méjì, ìyókù á fọ́n ká lọ sínú omi ẹlòmíì, ẹ̀yin náà á wá fọwọ́ gbé òkú méjì yẹn, ìyẹn gan-an sì léwu ju kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́ wọn lọ.

Pẹ́pẹ́yẹ igbó, géésì, àwọn ẹyẹ òkun àtàwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó máa ń ṣa nǹkan jẹ létí omi, ara wọn ni fáírọ́ọ̀sì tó ń fa bird flu yìí fi ṣe ilé látilẹ̀wá. Inú ìfun ló ń gbé lára pẹ́pẹ́yẹ, á kàn máa bá ìgbẹ́ jáde, ẹyẹ ọ̀hún á máa jẹun, á máa fò, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ó yàgbẹ́ sómi, òmíì mu ún, ó ti kó o nìyẹn. Tómi bá tutù dáadáa ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó má kú, oòrùn gbígbóná ni kì í jẹ́ kó pẹ́.

Àwọn kan rò pé ẹyẹ kan ṣoṣo ló ń gbé e láti ìpẹ̀kun ayé kan dé ìkejì, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan sí bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹyẹ kan fi ń yà á jáde, kó tó débi tó ń lọ ara ẹ̀ ti lè mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń bà sinmi, táwọn tó ti ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá ti ń pàdé nínú omi kan náà, ibẹ̀ lọ̀kan ti ń fà á lé òmíì lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n pa lọ́dún yẹn ló máa ń kó o jù torí ara wọn ò tíì mọ̀ ọ́n rí.

Ó wá ku bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ tiyín. Ẹ lọ wo etí adágún yẹn láàárọ̀ kùtùkùtù, ẹ máa rí ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé tó ní funfun lórí, kálẹ̀ nínú koríko. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ò mọ̀, ẹ fi sílípáàsì kan náà wọ ilé adìyẹ lọ dáúnjẹ, bẹ́ ẹ ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò báyìí, adìyẹ ti ń họ ojú ibẹ̀, ó ń ṣa á jẹ. Ẹyẹ gbé e détí omi, ẹ̀yin lẹ gbé e wọlé. Mo ti rí ẹni tó ta nẹ́ẹ̀tì yí ilé adìyẹ ká pátá, owó ńlá, tó tún ń fi korobá pọn omi odò fún wọn mu!

Kí n sòótọ́, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà yẹn lẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí jù. Ṣé wọn kì í lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún yẹn kí wọ́n tó padà wálé? Àwọn àti tìgbó jọ ń mu omi kan, tí wọ́n bá kó o ó lè má hàn lára wọn rárá, àfìgbà tádìyẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Ẹ má sì di gbogbo ẹ̀bi ru ẹyẹ igbó. Irú tó wà lára wọn sábà máa ń rọ̀, tí oríṣi fáírọ́ọ̀sì yìí tí wọ́n ń pè ní H5 tàbí H7 bá wọ àárín adìyẹ tó há mọ́ra ló lè yí padà di apani. Ìran H5N1, ọ̀kan lára àwọn H5, tó ń jà kiri báyìí, ara géésì ọ̀sìn ní Guangdong ní Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1996. Ìgbà tó yá ló padà bọ́ sára ẹyẹ igbó, ní 2005 ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kú ní adágún Qinghai ní Ṣáínà, ìparí 2021 ó ti sọdá òkun dé Newfoundland ní Kánádà. Ti màlúù oníwàrà tí wọ́n rí ní Amẹ́ríkà ní 2024, lóòótọ́ ọ̀dọ̀ ẹyẹ ló ti wá, àmọ́ kíkó màlúù láti oko kan sí òmíì àti ẹ̀rọ ìfúnwàrà ló tàn án.

Ẹyẹ ń gbé nǹkan míì náà o, bíi sálímónẹ́là, kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, nínú ìgbẹ́ wọn, eégbọn lára ìyẹ́, àti fáírọ́ọ̀sì West Nile tó jẹ́ pé ẹ̀fọn ló ń fà á lára wọn wá sára èèyàn.

Nítorí náà ẹ sé pẹ́pẹ́yẹ yín mọ́lé nígbà táwọn ẹyẹ igbó yẹn bá dé, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ adìyẹ. Ẹ ní bàtà kan tí ò ní jáde nílé adìyẹ láéláé. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ ni kí wọ́n máa mu, ẹ sì bo oúnjẹ wọn. Tí adìyẹ bíi mélòó kan bá ṣàdédé kú láàárín ọjọ́ méjì, tógbe wọn dúdú tàbí tójú wọn wú, ẹ má ṣe là á wò, ẹ má tà á, ẹ ti ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ pe dókítà ẹranko tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ yẹn gan-an.