Èsì lórí revolver àlòkù tí wọ́n gé ọ̀pá rẹ̀

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra revolver (ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí) àlòkù tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú. Ní tèmi, ẹ má tíì sanwó títí alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé bí ẹnu ọ̀pá kò bá dọ́gba, ọta yóò máa yà kúrò níbi tí a fojú sùn, bí ó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó ń yìn ín dúró tó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ihò kọ̀ọ̀kan nínú ilé ọta tí ń yí náà ń ṣe déédéé pẹ̀lú ọ̀pá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọta lè fara gbá irin, kí èérún òjé sì tú sí ẹni lára. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ kì í sábà san owó gidi lé èyí tí a ti gé, nítorí náà ẹ dúnàádúrà dáadáa. Ẹ wádìí ohun tí òfin ìlú yín sọ nípa gígùn ọ̀pá, bí wọ́n bá sì ti ha nọ́ńbà ara rẹ̀ kúrò, ẹ má rà á rárá.