Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Afẹ́fẹ́ Ń Tì: Kí Ló Pa Á?

Ìbéèrè: Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin kan wà rí ní England tí kò ní ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ ló ń tì í. Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí wọ́n pa á tì? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè ṣe kékeré rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà. Òótọ́ ni. Isambard Brunel, ẹnjinníà ọmọ England, ló gbé e sójú irin South Devon ní 1847, láti Exeter dé Teignmouth. Àárín irin méjèèjì ni wọ́n tẹ́ páìpù oníìnṣì 15 sí. Písítìnì (ohun róbótó tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú inú páìpù, tó sì ń rìn nínú rẹ̀) wà nínú rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ iwájú. Ní nǹkan bíi máìlì mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ́ńjìnnì onísítíìmù kan wà nínú ilé lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù níwájú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn á wá ti písítìnì. Bí ẹ̀yìn bá fi pọ́n-ùn 8 lórí ìnṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ju iwájú lọ, nǹkan bíi pọ́n-ùn 1,400 ló ń ti ọkọ̀ yẹn.

Àmọ́ irin tó so písítìnì mọ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ráyè kọjá. Ni wọ́n bá la òkè páìpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n fi awọ bò ó: etí kan ni wọ́n dè mọ́lẹ̀, ọ̀rá bíi gíríìsì ni wọ́n fi ń dí èkejì. Rólà á ṣí awọ, irin á kọjá, rólà mìíràn á tẹ̀ ẹ́ padà. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀rá gbẹ, awọ mu omi òjò, òtútù mú kó gan paali, afẹ́fẹ́ ń wọlé gbuurugbu. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ èédú ju bí wọ́n ṣe ṣírò lọ. (Àwọn kan ní eku ló jẹ awọ náà nítorí ọ̀rá. Ẹ má gbára lé ìyẹn. Òjò àti òtútù nìkan tó láti pa á.) Ní September 1848, wọ́n padà sí ẹ́ńjìnnì tó ń fa ọkọ̀.

Ní kíláàsì, ẹ má tíì la páìpù. Ẹ wá ọ̀pá tí a ń rí inú rẹ̀, gígùn mítà méjì, àti bọ́ọ̀lù fóòmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fún nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku ilẹ̀ sí ẹnu kan. Bọ́ọ̀lù á sáré. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ la òkè ọ̀pá náà gbọọrọ, ẹ fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ bò ó, ẹ tún tan ẹ̀rọ náà: àwọn ọmọ á gbọ́ bó ṣe ń fọn ṣíì, bọ́ọ̀lù á sì máa lọ wọ́rọ́wọ́. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ẹ̀rọ kó má gbé bọ́ọ̀lù mì, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, torí ó máa ń gbóná bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọ inú rẹ̀.