Ẹ Bi Wá: Òṣìṣẹ́ Tó Fara Pa Lẹ́nu Iṣẹ́, Báwo Ni Yóò Ṣe Padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ní ilé ìlapákó kan n'Íjẹ̀bú Igbó. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ayùn gé ọmọṣẹ́ mi kan ní ìka méjì. Wọ́n rán an nílé ìwòsàn, ó ti wà nílé báyìí, èmi ni mo ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Àmọ́ ó ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ padà sídìí ẹ̀rọ. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má tí ì jẹ́ kó dé ìdí ayùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi sílẹ̀ nílé náà. Ojú ọgbẹ́ lè ti pa dé kí iṣan tó wà nínú má tí ì lágbára. Tó bá jẹ́ pé iṣan ìka gan-an ni dókítà so pọ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ 12 kó tó lè gba iṣẹ́ agbára. Bí ó bá fi í gbé pákó ṣáájú ìgbà yẹn, ó lè já, títún un so kì í sì í rọrùn bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ mú bébà kan kí ẹ kọ gbogbo ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ sí i: bí pákó tó ń gbé ṣe wúwo tó, wákàtí tó ń fi dúró, bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọn ọwọ́, eruku ìlagi. Kí ó mú un lọ bá dókítà. Dókítà tí kò dé ilé ìlapákó rí yóò kàn kọ "iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́" síwèé ni, kò sì sí ohun tí ẹ lè fi ìyẹn ṣe. Ẹ jẹ́ kó kọ ìwọ̀n tí ọwọ́ náà lè gbé, wákàtí tó lè ṣe lóòjọ́, ohun tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá, àti ọjọ́ tí yóò tún padà wá.

Tí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ lè fi wákàtí mẹ́rin bẹ̀rẹ̀: kó máa ka pákó, kó máa kọ rìsíìtì, kó máa gba oníbàárà. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ lè sọ ọ́ di mẹ́fà. Ohun tí ẹ máa fi mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù nìyí: bí ọwọ́ bá wú lẹ́yìn iṣẹ́ tí kò sì fọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ dín in kù. Ẹ bi í pẹ̀lú irú oògùn ìrora tó ń lò. Èyí tó bá ń mú oorun wá, ẹni tó ń lò ó kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ kankan.

Ìka tí ẹ̀rù ń ba olúwa rẹ̀ láti ká ló máa ń gan. Nítorí náà, kó má ṣe fi ìdánrawò tí àwọn onífisiọ́, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdánrawò tọ́jú ara nílé ìwòsàn, kọ́ ọ jáfara. Bí orí ìka bá ń ta á gidigidi, tí ojú rẹ̀ sì ti jiná dáadáa, kó máa fi aṣọ rírọ̀ ra á jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Tó bá yá, kó bọ́ sórí táwẹ̀lì. Tọ́yẹ́ bá dé, ìka náà lè máa ro ó. Kó wá nǹkan fi bò ó.

Ẹ̀rọ yẹn náà ńkọ́? Irin tó ń bo ojú ayùn, tí wọ́n sábà máa ń tú dànù torí pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, ẹ dá a padà. Igi gígùn ni kí wọ́n máa fi ti pákó kékeré, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ayùn tó ń yí: tí eyín ayùn bá gbá etí ìbọ̀wọ́ mú, ó máa fa ọwọ́ wọlé ni. Bí igi bá há, ẹ pa iná láti orísun kí ẹ tó fa á yọ.

Kí àwọn tó kù sì mọ èyí. Tí ìka bá já, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ gidi, kí ẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù díẹ̀ wé ìka tó já, ẹ fi í sínú nálọ́ǹ, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ tó wá gbé nálọ́ǹ náà sínú omi oníyìnyín. Ẹ má fi ìka lé yìnyín lásán, yóò bà á jẹ́. Kẹrosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti eruku ìlagi kò gbọ́dọ̀ kan egbò. Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ipá (tẹ́tánọ́ọ̀sì) náà.

Ó ku ti òfin. Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ní kí òṣìṣẹ́ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, kí ọ̀gá sì fi tó àjọ NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àpò owó gbà-má-bínú náà, létí láàárín ọjọ́ méje. Ọjọ́ tiyín ti kọjá. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dákẹ́, ẹ lọ báyìí. Ọdún kan ni òṣìṣẹ́ ní láti béèrè owó náà. Ọ̀gá ló ń san owó sí àpò yìí, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú owó wọn.

Ìbéèrè: Ilé iṣẹ́ gaàrí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Rẹ́mọ. Mo gbé àpò, ẹ̀yìn mi sì dún. Ọ̀gá ní kí n lọ dùbúlẹ̀ sílé, kí n má padà wá àfi tí ara mi bá yá pátápátá. Ó tún ní kí n fọwọ́ síwèé pé n kò ní béèrè nǹkan kan.

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ sí i. Òfin kò ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí.

Bí ẹsẹ̀ yín bá ń kú tipiri, bí ojú ara yín bá ń kú, tàbí tí ẹ kò lè tọ̀, ilé ìwòsàn lónìí olónìí. Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ gbọọrọ kọ́ ni ìtọ́jú ẹ̀yìn. Ńṣe ló ń mú kí iṣan rọ, kí ìrora sì pẹ́. Ẹ máa rìn, ẹ máa yí ipò padà. Kò dìgbà tí ìrora bá tán pátápátá kí ẹ tó padà.

Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ wo? Bíbó ẹ̀gẹ́ lórí àpótí kékeré dà bí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀: wákàtí mẹ́rin lórí ìtẹ̀ba lè dá ẹ̀yìn yín padà síbi tó wà. Kíkù gaàrí lórí tábìlì tó ga dé ìbàdí ló sàn jù, tàbí wíwọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá. Agbada ìyangaàrí lè dúró ná, torí ìbẹ̀rẹ̀ àti fífà pọ̀ níbẹ̀.

Kí ọ̀gá yín ka èyí: ìwọ̀n tí NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ààbò òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ẹrù gbígbé jẹ́ kìlógíráàmù 23, ìyẹn nígbà tí ohun gbogbo bá rọgbọ, tí ẹrù sún mọ́ ara, tí a kò yí ìbàdí. Àpò kìlógíráàmù 50 ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Kí wọ́n ra bárò, kí wọ́n sì máa to àpò sórí pẹpẹ dípò ilẹ̀, kó má sí ìdí láti tẹ̀ ba gbé e.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà n'Íjẹ̀bú Òde. Ọ̀kadà gbá a nígbà tó ń ti ilé lọ síbi iṣẹ́. Ṣé ọmọṣẹ́ náà wà nínú òfin owó gbà-má-bínú yẹn?

Ìdáhùn: Ó wà níbẹ̀. Òfin ka ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ó sì ka ọ̀nà tó ti ilé lọ síbi iṣẹ́ mọ́ ọn. Ẹ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ọjọ́ 14 tó pé, ẹ kọ ọ́ síwèé, ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gba orúkọ àti nọ́ńbà àwọn tó rí i nígbà tó ṣẹlẹ̀.